Motọ́láyọ̀ àti Àfẹ́sọ́nà Ojú Kámẹ́rà

Bí ẹ bá gba iwájú ilé wa kọjá ní Ìkìrun, ẹ̀rọ ìlọta mi lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́, ẹ ó sì tún gbọ́ ìró máṣíìnì ìránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Motọ́láyọ̀ ló ni máṣíìnì, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ọmọ náà mọṣẹ́. Mi ò ní torí pé inú ń bí mi kí n wá purọ́ mọ́ ọn. Ó lè wo obìnrin láti òkèèrè kó sọ ibi tí búláòsì ti máa há a. Àmọ́ ojú tó fi ń mọ aṣọ yẹn, kò fi mọ ọkùnrin rárá.

Ọlákúnlé lorúkọ ẹni tó fẹ́ fẹ́ ẹ. Ọmọ Òkúkù ni, ṣùgbọ́n Inísà ló ti ń tún fóònù ṣe, nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí kò fẹ̀ ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ. Bó bá ń sọ̀rọ̀, ẹ ó rò pé ilé iṣẹ́ ńlá ló ń darí. "Ọ́fíìsì mi" báyìí, "àwọn kọ́sítọ́mà mi" báyìí. Èmi ti dé ọ́fíìsì yẹn rí o. Bí èèyàn méjì bá wọlé, ẹnì kan gbọ́dọ̀ jáde kí ẹnì kejì tó lè ráyè sín.

Látìgbà tí àwọn ẹbí ti mọ ara wọn, ojoojúmọ́ ló ń wá. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ báyìí, á ti gun ọ̀kadà rẹ̀ dé, á fun fèrè lẹ́nu ọ̀nà bíi pé gómìnà ló dé. Motọ́láyọ̀ á pa máṣíìnì tì, á gbé oúnjẹ fún un. Wọ́n á jẹun tán, àwo á wà nílẹ̀, eṣinṣin á máa ṣèpàdé lórí rẹ̀, àwọn méjèèjì á ti kórí pọ̀ sójú fóònù. Kí ni wọ́n ń wò? Ìgbéyàwó àwọn ẹlòmíì ni. Ìyàwó tí wọn ò mọ̀ rí ní Àbújá, ọkọ tí wọn ò mọ bàbá rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù.

"Bébì, wo kéèkì yìí. Ó ga ju ìyàwó lọ."

"Ẹ̀n-ẹ́n, ṣùgbọ́n wo bí ọkọ ṣe ń jó. Ṣé wàá lè jó báyìí?"

"Màá kọ́ ọ. Mo ti ń wò ó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì."

Ijó o. Ọmọ Òkúkù tó ń lọ kọ́ ijó lójú fóònù. Mo máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi, màá máa ṣa ata, màá máa gbọ́ wọn. Wọn ò sọ̀rọ̀ nípa ilé tí wọ́n máa gbé rí. Wọn ò sọ̀rọ̀ nípa bóyá Motọ́láyọ̀ ló máa kó máṣíìnì rẹ̀ lọ Inísà, àbí Ọlákúnlé ló máa wá sí Ìkìrun. Òdòdó orí tábìlì ni wọ́n ń bá ara wọn jà lé lórí.

Lọ́jọ́ kan, mo bi wọ́n pé àwọ̀ wo ni ká fojú sí lọ́jọ́ náà, kí n lè mọ gèlè tí màá wá. Motọ́láyọ̀ ní émírádì.

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Ọlákúnlé ló gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ máa wò ó bí àwọ̀ ewé, Àǹtí, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọ̀ ewé."

"Ewé wo ni kì í ṣe?"

"Ó jinlẹ̀ ju ewé lọ, mà."

"Ewé gbúre ńkọ́? Àbí ewé kókò?"

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́," Motọ́láyọ̀ ń bẹ̀ mí, "ẹ má fi ewé kókò ba ìgbéyàwó mi jẹ́."

Gèlè aláwọ̀ ewé mi wà nínú àpótí, òun ni màá wé. Ẹni tó bá ní ojú tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀ kó wá yọ ọ́ lórí mi.

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá kan fọ́tò. Wọ́n ní àwọn ò lè ṣègbéyàwó láìkọ́kọ́ ya fọ́tò tó ń sọ pé àwọn fẹ́ ṣègbéyàwó. Mo ní ṣebí káàdì á ti sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n wò mí bí ẹni tó ń wo ògbólógbòó àtùpà. Adéolúwa ni wọ́n pè kó wá yà wọ́n, ọmọkùnrin kan tó so irun mọ́ ẹ̀yìn orí. Òun ló sọ pé oko apá Igbaye ló dáa, pé oòrùn ìrọ̀lẹ́ ibẹ̀ rọ̀ bí òrí. Ni wọ́n bá kó mi dání. Kí ni mo wá ṣe? Mo wá gbé báàgì aṣọ.

Ẹ bá mi wò ó. Motọ́láyọ̀ wọ bàtà gogoro lórí ilẹ̀ oko. Ọlákúnlé wọ kóòtù, ó so táì, ó yá ọkọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan létí ọ̀nà, ó gbé e kọ́ èjìká bí ẹni gbé ìbọn. Wọ́n wọ inú oko ẹ̀gẹ́ olóko lọ, wọ́n dúró sórí ebè, wọ́n ń wo ara wọn lójú, Adéolúwa ń pariwo, "Ẹ rẹ́rìn-ín! Ẹ má rẹ́rìn-ín púpọ̀! Ẹ ṣe bíi pé ẹ ò mọ̀ pé mo wà níbí!" Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń pariwo tó fi jẹ́ pé olóko gbọ́. Bàbá kan ló yọ láàárín ẹ̀gẹ́, Bàbá Oyèdélé ni wọ́n ń pè é níbẹ̀.

"Ẹ ǹlẹ́ o. Ṣé ọlọ́pàá ni yín ni?"

"Rárá o, Bàbá. Fọ́tò ìgbéyàwó là ń yà," Adéolúwa ló dá a lóhùn.

"Nínú ẹ̀gẹ́ mi?"

"A ò fọwọ́ kan nǹkan kan, Bàbá."

"Ẹsẹ̀ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ fi tẹ ebè mi pa yìí, ṣé ilé lẹ fi í sí wá?"

Ọlákúnlé wá bọ́ síwájú, ó dọ̀bálẹ̀ ìdajì, kí kóòtù má bàa kan ilẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú. Ọmọ àgbẹ̀ lèmi náà. Ọmọ Òkúkù ni mí."

Bàbá wò ó láti òkè délẹ̀. "Ọmọ àgbẹ̀ náà ni. Ó dáa, ọmọ àgbẹ̀, tún ebè tó o tẹ̀ pa kọ kó o tó máa lọ. Ọkọ́ ṣáà wà lọ́wọ́ ẹ."

Ọlákúnlé wo ọkọ́, ó wo kóòtù ara rẹ̀, ó wo Adéolúwa. Àbí kí lẹ rò pé ó ṣe? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Motọ́láyọ̀ ló bọ́ bàtà, tó ká aṣọ sókè, tó gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì tún ebè náà kọ. Ilé àgbẹ̀ ni wọ́n bí òun sí lóòótọ́, ní Èkó Ẹndẹ. Adéolúwa gbé kámẹ́rà sókè láti ya ìyẹn, Ọlákúnlé ní kó má yà á, pé kò ní bá àwọn tó kù mu.

Mo rí i o. Mo sì rí i pé Motọ́láyọ̀ rí i. Ó kàn gbọn iyẹ̀pẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ dànù, ó padà sínú bàtà rẹ̀.

Ẹ ó bi mí pé kí ló wá ń rí lára ọkùnrin yìí. Èmi náà bi í. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa ọmọ yẹn kí ẹ tó bú u. Inísà ni ìjọ wa wà, Ìjọ Òkè Àánú, ìjọ Aládùúrà ni wá. Ní ìjọ wa, wọ́n máa ń pe orúkọ ẹni tó bá fẹ́ ṣègbéyàwó sétí gbogbo ìjọ ní Sunday mẹ́ta, kí wọ́n tó so wọ́n pọ̀. Ìyá Motọ́láyọ̀, ẹ̀gbọ́n mi, wọn ò pe orúkọ tiẹ̀ rí. Oyún Motọ́láyọ̀ ti yọ síta kí bàbá rẹ̀ tó ṣe tán, nígbà tó sì ṣe tán, ojú ń ti ẹ̀gbọ́n mi láti jáde síwájú. Títí di òní, ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá ló ń jókòó sí. Orí ìjókòó yẹn ni Motọ́láyọ̀ dàgbà sí. Láti kékeré ló ti ń sọ fún mi pé, "Àǹtí, wọ́n á pe orúkọ tèmi. Wọ́n á pè é sókè, màmá mi á sì dìde dúró." Ohun tí ọmọ náà ń lé kiri nìyẹn. Òdòdó àti émírádì, ariwo Ọlákúnlé ni.

Àmọ́ ìjọ wa ní àṣà kan tó ṣáájú ìpè orúkọ. Sátidé tó bá ṣáájú Sunday tí wọ́n máa pè yín, ọkọ àti ìyàwó ní láti gbá gbogbo ọgbà ìjọ, àwọn méjèèjì nìkan, láìwọ bàtà. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́. Àwọn àgbà tó dá ìjọ sílẹ̀ ní àwọn tí kò bá lè jọ di ìgbálẹ̀ mú, kí wọ́n má wulẹ̀ jọ wọ ilé. Màmá Ọmọ́dára ló ń bójú tó o, ìyá arúgbó kan tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò pọ̀. Òun ló máa sọ fún Bàbá Aládùúrà pé ilẹ̀ mọ́ tàbí kò mọ́. Bó bá ní kò mọ́, ó parí.

Ìgbà ọyẹ́ ni wọ́n wá mú ìgbéyàwó sí. Igi fúrúùtù ńlá méjì ló wà nínú ọgbà náà, ẹ sì mọ bí fúrúùtù ṣe máa ń ṣe nígbà ọyẹ́. Ewé rẹ̀ á pọ́n, á máa já lulẹ̀ bíi pé wọ́n sanwó fún un.

Sátidé àkọ́kọ́, wọ́n dé. Motọ́láyọ̀ mú ìgbálẹ̀ wá láti ilé. Ọlákúnlé mú Adéolúwa wá. Lésì funfun ni Ọlákúnlé wọ̀ wá gbálẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó na ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, Adéolúwa yà á. Ó nàró, ó wo ọ̀run bí ẹni tó ń gbàdúrà, Adéolúwa yà á. Ó ní kí Motọ́láyọ̀ wá di ìgbálẹ̀ kan náà mú pẹ̀lú òun, wọ́n yà á. Ibi tí wọ́n gbá kò fẹ̀ ju ẹní àdúrà lọ. Ó wá wo aago, ó ní kọ́sítọ́mà kan ń dúró de òun.

"Ìyókù ńkọ́?" Motọ́láyọ̀ bi í.

"Bébì, ta ló ń wọn ilẹ̀? Ọlọ́run ń wo ọkàn ni."

Motọ́láyọ̀ wo ilẹ̀, ó wo ọkùnrin, ó sì tẹ̀ lé e. Mo bú u nínú ikùn mi, níbi tí mo ti mọ̀ ọ́n bú. Màmá Ọmọ́dára wà lórí àga rẹ̀ lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń pa ẹ̀gúsí. Ojú rẹ̀ wà lára wọn. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, fọ́tò ti wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé àwọn ń fi ìrẹ̀lẹ̀ sin Olúwa. Àwọn èèyàn ń kọ "Àmín" sí i ní ìlà gígùn.

Ọjọ́ kejì, ìjọ kún. Ẹ̀gbọ́n mi ti Èkó Ẹndẹ wá, ó ti dá aṣọ tuntun. Àkọ̀wé ìjọ dìde, ó ka ìkéde. Ó kéde ìkórè, ó kéde ìpàdé àwọn ìyá, ó tún kéde adìẹ kan tó sọnù sínú ọgbà. Ọlákúnlé ti na ọrùn bí ògòǹgò, ó ti gbé fóònù sókè láti ká ohùn. Àkọ̀wé pa ìwé dé, ó jókòó.

Ẹ̀gbọ́n mi tó ti ń dìde bọ̀ wá tún gèlè rẹ̀ ṣe, kí èèyàn lè rò pé gèlè ló ń dìde fún. Ohun tó dùn mí jù lọ́jọ́ yẹn nìyẹn.

Lẹ́yìn ìsìn, Ọlákúnlé gbéná wojú Bàbá Aládùúrà. Bàbá ní kó lọ bi Màmá Ọmọ́dára. Ó lọ.

"Màmá, kí la ṣe? A gbálẹ̀, ẹ̀rí wà nínú fóònù mi."

Màmá Ọmọ́dára ní, "Ilẹ̀ náà ò sí nínú fóònù, ọmọ mi. Ó wà níbẹ̀ yẹn."

Mo rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi di igi mú.

Ṣé ẹ rò pé ó kọ́gbọ́n? Sátidé kejì, ó ránṣẹ́ sí àwọn obìnrin kan láti Ìbà, wọ́n ti wá gbálẹ̀ ní ìdájí kí ẹnikẹ́ni tó jí. Nígbà tí a dé, ilẹ̀ mọ́ bí àwo tí ajá lá. Ọlákúnlé ń fò fẹ̀rẹ̀. Motọ́láyọ̀ dúró, ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wò yíká.

"Ta ló gbá a?" Ó bi í lóhùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Má dàamú ara ẹ. Ṣáà máa ṣe bí ẹni pé o ń gbá a lọ."

Màmá Ọmọ́dára dìde lórí àga. Ó mú ọ̀pá tó fi ń rìn, ó lọ sábẹ́ fúrúùtù àkọ́kọ́, ó fi lu ẹ̀ka rẹ̀. Ewé já, gbàràgàdà. Ó lọ sábẹ́ ìkejì, ó lù ú. Ó padà sórí àga rẹ̀, ó gbé ẹ̀gúsí lé itan.

"Ó yá, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ gbá a."

Inú Ọlákúnlé ru. "Màmá, kí lèyí? Mo sanwó fún àwọn tó gbá ilẹ̀ yìí o!"

Ó ti sọ ọ́ tán kó tó gbọ́ ara rẹ̀. Màmá Ọmọ́dára ò tilẹ̀ gbójú sókè. "Kí àwọn tó o sanwó fún náà wá fẹ́ Motọ́láyọ̀," ló wí.

Ọlákúnlé ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Ó ní òun kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ó ní ṣọ́ọ̀ṣì pọ̀ ní Òkúkù, àwọn tí inú wọn á dùn láti so wọ́n pọ̀ láìgbá nǹkan kan. Ó gun ọ̀kadà, ó ní kí Motọ́láyọ̀ gun ẹ̀yìn. Motọ́láyọ̀ ní òun ò gùn ún. Ó lọ, eruku rẹ̀ bà sórí ewé. Wọn ò pe orúkọ wọn lọ́jọ́ kejì náà.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, a ò gbọ́ fèrè ọ̀kadà nílé wa, etí mi sinmi. Àmọ́ kò sinmi fún Motọ́láyọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń sunkún sórí aṣọ oníbàárà.

"Má jẹ́ kó lọ o. Torí Ọlọ́run, pè é. Ṣé ìwọ náà fẹ́ wá bá mi lórí ìjókòó ẹ̀yìn ni?"

"Màmá mi, ó fi owó gbálẹ̀."

"Ṣé owó kì í ṣe owó ni? Bàbá ẹ ò fi owó gbá a, kò fi ọwọ́ gbá a!"

Motọ́láyọ̀ pe ọkùnrin náà. Èmi náà mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi bẹ Bàbá Aládùúrà, torí Bàbá ní bí wọ́n bá gbá a dáadáa ní Sátidé tó ń bọ̀, òun á pè wọ́n ní Sunday, òun á sì pe ìyókù nínú ìsìn àárín ọ̀sẹ̀, kí ọjọ́ tó wà lórí káàdì má bàa yẹ̀. Àánú ńlá nìyẹn. Ohun gbogbo wá kù sí Sátidé kan ṣoṣo.

Ọlákúnlé dé o. Kò mú Adéolúwa dání. Ó wọ ṣòkòtò àtijọ́, ó bọ́ bàtà lẹ́nu géètì láìjẹ́ pé wọ́n sọ fún un. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Màmá Ọmọ́dára, ó ní kó dárí ji òun. Mo ti ń rò ó nínú ara mi pé bóyá ahọ́n mi ti gùn jù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilé ìsìn, wọ́n ń gbá a bọ̀. Ọlákúnlé ò mọ ilẹ̀ gbá, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, ó ń tàn án bí adìẹ tó ń wá ìdin, Motọ́láyọ̀ ló ń tẹ̀ lé e tó ń tún un gbá. Ṣùgbọ́n ó ń ṣe é. Wọ́n tiẹ̀ ń fi ara wọn rẹ́rìn-ín. Motọ́láyọ̀ ló ń kó ewé jọ, ó ti kó o dé iwájú géètì, òkìtì ńlá, ká sun ún ló kù.

Ni Ọlákúnlé bá yọ fóònù lápò.

"Àǹtí, ẹ bá mi dì í mú báyìí, mà."

Mo ní ọwọ́ mi kún. Nǹkan kan ò sí lọ́wọ́ mi.

Ó wá òkúta, ó fi fóònù tì í, ó tẹ̀ ẹ́. Ó padà wá sídìí òkìtì ewé, ó wò ó, ó wo fóònù. Ẹ gbọ́ o, ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Ó ti ẹsẹ̀ bọ òkìtì ewé yẹn, ó fọ́n ọn ká. Gbogbo ohun tí ọmọ wa ti bẹ̀rẹ̀ kó jọ láti òwúrọ̀, ó tàn án padà sórí ilẹ̀ tó mọ́, ó mú ìgbálẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a lójú fóònù, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ọlákúnlé, kí lò ń ṣe?"

"Bébì, ibi tá a ti gbá ò lè hàn nínú fídíò. Jẹ́ kí n tún eléyìí gbá, kò ní pẹ́."

"Èmi ni mo kó o jọ."

"Mo mọ̀ náà. Wá dúró síbí, kí wọ́n lè rí ìwọ náà."

Mo rò pé Motọ́láyọ̀ máa pariwo, mo tilẹ̀ ti múra láti bá a pariwo. Kò pariwo. Ó rìn lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pè wá lọ́la."

Màmá Ọmọ́dára dá ẹ̀gúsí dúró. "Ilẹ̀ á mọ́ láìpẹ́, ọmọ mi. Mo ti fẹ́ sọ pé ó mọ́."

"Ilẹ̀ á mọ́, Màmá, màá gbá a kí n tó lọ. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má pè wá."

"O ò fẹ́ ẹ mọ́?"

"Ó ti níyàwó, Màmá. Ẹ wò ó níbi tó fẹ̀yìn ti òkúta."

Ọlákúnlé ti gbọ́, ó sáré dé. "Motọ́láyọ̀, kí lo ń sọ? Họ́ọ̀lù ńkọ́? Káàdì ńkọ́? Gbogbo ayé ti mọ ọjọ́! Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn?"

Họ́ọ̀lù ló kọ́kọ́ bèèrè, ó tún bèèrè káàdì, ó bèèrè gbogbo ayé. Mo dúró kó bèèrè pé "èmi ńkọ́, ìwọ ńkọ́." Mo ṣì ń dúró dòní.

Motọ́láyọ̀ dá a lóhùn pé, "Kí káàdì fẹ́ ọ. Orúkọ rẹ ṣáà wà lára rẹ̀, ó sì ń dán."

Ọkùnrin náà wo gbogbo wa lójú lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń wá ẹni tó máa gbè é. Màmá Ọmọ́dára ti padà sídìí ẹ̀gúsí rẹ̀. Ọlákúnlé mú fóònù, ó mú bàtà, ó lọ. Motọ́láyọ̀ kó ewé yẹn jọ lẹ́ẹ̀kejì, ó sun ún, ó sì fi omi ṣan ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, òun àti ìyá rẹ̀ jọ jókòó sẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi ò bá a sọ̀rọ̀, ó sì tó bí oṣù kan kó tó bá a sọ̀rọ̀ tó nítumọ̀. Mi ò dá ẹ̀gbọ́n mi lẹ́bi. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún ju ibi tí ọgbọ́n lè dé lọ.

Àwa ní tiwa, a pe àwọn èèyàn wa, a ní kí wọ́n má wá mọ́. Ọ̀rọ̀ ìtìjú ni, ṣùgbọ́n a pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọlákúnlé ní òun á pe àwọn tòun.

Sátidé tó wà lórí káàdì pé. Motọ́láyọ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mo ní kó sinmi, ó ní aṣọ ìsọmọlórúkọ kan wà nílẹ̀ tí wọ́n ń dúró dè. Bí oòrùn ṣe ń le bọ̀, bàbá àgbàlagbà kan yọ, agbádá rẹ̀ ti bo eruku, fìlà rẹ̀ ti yẹ̀, ó di káàdì kan mú bí ẹni tó di ẹyin mú.

"Ẹ ǹlẹ́ níbẹ̀ o, ẹ̀yin ọmọ. Àjàní lorúkọ mi, Ìbà ni mo ti ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà ibo ni họ́ọ̀lù yìí? Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Òkúkù ló ń gbéyàwó."

Mo wo Motọ́láyọ̀. Kò gbé ojú kúrò lára aṣọ títí abẹ́rẹ́ fi dé òpin ìlà. Ó wá dìde, ó kúnlẹ̀ kí bàbá, ó gbé àga fún un.

"Ẹ jókòó, Bàbá. Ẹ má bínú, kò sí ìgbéyàwó lónìí mọ́."

"Kò sí kẹ̀? Ta ló sọ fún ọ?"

"Èmi ni ìyàwó, Bàbá."

Bàbá wo káàdì, ó wo Motọ́láyọ̀. Fọ́tò rẹ̀ ṣáà wà lára káàdì náà, nínú bàtà gogoro. Ó yọ fìlà, ó sì jókòó wọ̀ọ̀. "Ẹnikẹ́ni ò pè mí," ó ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀. "Mo ti jí láti ìdájí. Ẹnikẹ́ni ò pè mí."

Ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe, tí fóònù kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, kódà nílé ìgbọ̀nsẹ̀, kò rí ìṣẹ́jú kan pe àbúrò bàbá rẹ̀. Motọ́láyọ̀ bu omi fún bàbá. Ó bi í bóyá ó ti jẹun, ó ní kò tíì jẹ, pé òun rò pé òun á jẹun níbi ìgbéyàwó. Mo ní iyán wà nílé. Bàbá jẹ ẹ́ tán, ó tún fọ àwo rẹ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́bàá àmù, a bẹ̀ ẹ́ títí pé kó fi í sílẹ̀, kò gbà. Motọ́láyọ̀ dá máṣíìnì dúró, ó ń wò ó bó ṣe ń fọ àwo, èyí tí Ọlákúnlé ò fọ̀ rí nílé wa.